Àpò Tí Omi Gbé Padà: Àkọsílẹ̀ Ìgbálẹ̀ Kan Létí Ọ̀sà Èkó

Àdúgbò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà létí ọ̀sà Èkó, kò jìnnà sí ibi tí ọ̀sà ti já sókun. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ara ibẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ìdọ̀tí júwe àwọn, mo sì rí i pé wọ́n jàre. Ìlàjẹ àti Ègùn ló pọ̀ jù níbẹ̀; ọkùnrin ń pa ẹja, obìnrin ń yan án, wọ́n ń gbé e lọ sọ́jà. Yanrìn díẹ̀ wà níwájú ilé wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fa ọkọ̀ gùnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lápá ọ̀tún yanrìn yìí, kánààlì kan ti ìgboro wá, ó ń da omi rẹ̀ sínú ọ̀sà.

Ẹni tí kò bá mọ ọ̀sà Èkó lè rò pé omi tó dúró sójú kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odò Ògùn ń dà sínú rẹ̀, odò Ọ̀ṣun ń bọ̀ lọ́nà tirẹ̀, ká má tíì ka àwọn odò kéékèèké àti gọ́tà ìgboro. Ẹnu tí ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọ èbúté ni omi rẹ̀ ń gbà bọ́ sókun. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń gba ẹnu yẹn wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń jáde. Nígbà òjò, omi dídùn á borí, ewé omi á bo ojú ọ̀sà. Tí ọyẹ́ bá dé, iyọ̀ á padà, ewé náà á rọ. Wíwọlé àti jíjáde omi yìí ni gbogbo ìtàn yìí dá lé lórí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwa tí a lọ gbálẹ̀ níbẹ̀, a ò tiẹ̀ rò ó.

Sátidé kẹta oṣù kẹsàn-án la kọ́kọ́ lọ, ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbígbá etí òkun káàkiri àgbáyé. Texas ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1986, látìgbà náà ni wọ́n sì ti ń kọ ohun tí wọ́n bá ṣà sílẹ̀ ní oókan-oókan. Àwa bí ogójì ni, a wọ aṣọ kan náà, a gbé réékì àti ìbọ̀wọ́ dání. Bí a ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni àwọn ìyàwó ilé ń ti ilẹ̀kùn. Wọ́n rò pé wolé-wolé ni wá, pé a wá bu owó ìtanràn lé wọn lórí. Ó tó wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni tó bá wa mú ṣọ́bìrì.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ iye sílẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló pọ̀ jù, ó pọ̀ débi pé mo ṣíwọ́ kíkà, àpò ni mo ń kà. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ike funfun tí wọ́n ń di ìrẹsì sí, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wá fòfin dè ní oṣù kìíní ọdún 2024. Pámpásì wà níbẹ̀. Bàtà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣá. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ kejì ń gbà.

Nígbà tí a ṣe tán, tí a ti ya fọ́tò, ìyá kan tó ń yan ẹja kí wa kú iṣẹ́. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ó tún wá di àmọ́dún nìyẹn?" Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Nínú àwa ogójì, kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí àwọn díẹ̀ nínú wa pinnu pé a ó máa lọ ní gbogbo Sátidé. Ogójì di méjìlá. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò bí mẹ́jọ sì dara pọ̀ mọ́ wa, èyí tó dùn mọ́ mi ju ogójì ti àkọ́kọ́ lọ.

Ibi tí a ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ ni pé a mọ bí a ṣe ń ṣà, a ò mọ ibi tí a ó kó o sí. Ọ̀nà tó wọ àdúgbò náà há, yanrìn ni, ọkọ̀ akólẹ̀ ò lè wọ̀ ọ́. Wọ́n ní ká gbé e wá sí títì fúnra wa. Owó tí alábàárù bèèrè, a ò ní in lọ́wọ́. A wá di pàǹtí náà sínú àpò ìrẹsì, a fi okùn pupa so wọ́n lẹ́nu, a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi bí ẹní to ṣìmẹ́ńtì. A ní tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, a ó rí nǹkan ṣe sí i. Mọ́ńdè kọjá. Sátidé mìíràn dé, a tún to tuntun lé e.

Alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, òṣùpá kún. Gbogbo ẹni tó ń gbé létí omi ló mọ̀ pé tí òṣùpá bá kún, tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi máa ń gòkè kọjá ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ìdajì àwọn àpò wa ti lọ. Àwọn kan ti ya, ohun tí a fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣà ti tún tẹ́ rẹrẹ sórí yanrìn kan náà. A ṣì ń wò sùn-ùn nígbà tí apẹja kan gbé àwọ̀n rẹ̀ bọ̀ láti inú ọkọ̀. Kò pariwo. Ó tẹ́ àwọ̀n náà síwájú wa. Àpò ìrẹsì kan wà nínú rẹ̀, okùn pupa ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ìdì náà sì le pinpin. Mo mọ ìdì yẹn, èmi ni mo di í. Ibi tí àpò náà ti fa àwọ̀n ya gùn tó apá àgbàlagbà méjì. Ó ní, "Ẹrù yín rèé o." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Baálẹ̀ pè wá lọ́jọ́ kejì. Ó bi wá bóyá àwọ̀n là ń gbá ni àbí ilẹ̀. A tọrọ àforíjì, a dá owó jọ, a ra òwú àwọ̀n fún bàbá náà, méjì nínú wa sì jókòó tì í níbi tó ti ń so ó. Ibi ìjókòó yẹn la ti gbọ́ ohun tó pọ̀ jù lọ nípa omi náà. Tó bá jẹ́ pé àpò yẹn ò ya àwọ̀n, bóyá à bá tún fi ọdún kan ṣà á ká tó mọ̀ pé àwọn tó mọ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Àtìgbà náà la ti yí ètò padà. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ di àpò kan ṣoṣo àyàfi tí a bá ti mọ ẹni tí yóò gbé e kúrò lọ́jọ́ náà. A bá oníkẹ̀kẹ́ akẹ́rù kan sọ ọ́, ó gbà láti máa gbé ogún àpò dé títì ní àárọ̀ Sátidé, kí ọkọ̀ akólẹ̀ tó kọjá. Ogún ni, torí náà ogún là ń ṣà. Inú àwọn kan ò dùn: wọ́n ní a wá sí ibi iṣẹ́, a tún ń wo aago. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní kí a ya ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò sọ́tọ̀, nítorí àwọn tó ń rà á ní kílò-kílò mọ ọ̀nà wá. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń san ti oníkẹ̀kẹ́. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ò rí olùrà, òun náà ló pọ̀ jù. Ìṣòro yẹn ò tíì tán.

Yanrìn wá ń mọ́. Kí á tó mọ̀, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé omi náà ń mọ́. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ló ní ká má ṣe fẹnu lásán sọ ọ́. Ó gbé irinṣẹ́ méjì wá. Ọ̀kan ni ìdérí ike ọ̀dà tí ó kùn ní funfun àti dúdú, tó so okùn mọ́: ẹ sọ ọ́ sínú omi, ẹ wo ibi tí ojú yín ò ti rí i mọ́, ẹ wọn okùn náà, ẹ ó mọ bí omi ṣe mọ́ tó. Angelo Secchi, àlùfáà ará Ítálì kan, ló dán irú rẹ̀ wò lórí omi lọ́dún 1865, kò sì sí ohun tó rọrùn jù ú lọ dòní. Èkejì ni ìgò kékeré tí wọ́n ń kán oògùn sí láti mọ iye ọ́síjìn tó wà nínú omi. Ẹja ń mí gẹ́gẹ́ bí àwa. Tí míligíráàmù 5 bá wà nínú lítà omi kan, ara dẹ̀ ẹ́, tó bá ti wá sí abẹ́ 2, àwọn tó lè sá á sá, àwọn tí ò lè sá á kú. Omi tó móoru bíi tiwa níbí ò tiẹ̀ lè gba púpọ̀ mọ́ra: ní ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, omi dídùn ò lè gbà ju nǹkan bíi 7.5 lọ, ti oníyọ̀ tún kéré sí i.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé là ń bu omi, nítosí ẹnu kánààlì. A gbé pátákó kan kọ́ sára àtíbàbà àwọn ẹlẹ́ja, a ń kọ èsì ọ́síjìn síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó dára, ó lé ní 5. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò tó 2. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún dára. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó já. Ìjà ò pẹ́ dé lórí ìyẹn. Ẹnìkan ní ilé iṣẹ́ kan lókè ló ń da oògùn sínú omi lóru, lọ́sẹ̀ kan fo ọ̀sẹ̀ kan. Òmíràn na ìka sí àwọn ilé tó wà lórí omi, pé ìgbẹ́ wọn ni. Àwọn onílé yẹn sì ń gbọ́. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a lò níbẹ̀, ìgbà yẹn ló kù díẹ̀ kí wọ́n lé wa lọ.

Bàbá aláwọ̀n wa ọjọ́sí ló wá dúró níwájú pátákó. Kò mọ̀wé púpọ̀, àmọ́ ó ní kí ọmọ rẹ̀ ka ọjọ́ àti èsì fún òun. Ó bi mí pé, "Aago mélòó lẹ máa ń bù ú?"

Mo ní, "Aago mẹ́jọ ni, Bàbá. A kì í yẹ̀ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fọwọ́ di ìgbáròkó mú. "Aago tiyín ò yẹ̀ lóòótọ́. Ti omi ńkọ́?"

Ó wá fi ìka yàwòrán rẹ̀ sórí yanrìn. Lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan, kíkún omi ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná. Tí omi bá kún ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé yìí, tí ọjọ́ méje bá fi máa pé, kíkún yẹn ti sún di ọ̀sán, nǹkan bí aago méjì. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ṣe ni omi ń jáde tán. Ní Sátidé tí ara omi dá, omi òkun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé la bù. Ní Sátidé kejì, omi kánààlì ni. Oṣù kan gbáko la fi ń wọn òkun àti gọ́tà ní ìpààrọ̀, tí a ń pè é ní omi kan náà.

Èmi ni wọ́n ní kí n nu pátákó náà. Ọjọ́ ọjà ni, èrò pọ̀. Mo fi àkísà nu ún, mo sì ṣàlàyé fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja pé ohun tí mo sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ kì í ṣe òótọ́, kì í sì í ṣe irọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ni mo ń sọ gan-an. Ó le láti ṣàlàyé. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ náà ni àwọn onílé orí omi tó dákẹ́ sí wa bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa padà.

Àtìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì là ń bu omi: nígbà tó bá kún, àti nígbà tó bá jáde tán, aago yòówù kó jẹ́. Bàbá ló ń sọ aago fún wa láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè. A sì yẹra fún ìdájí, torí ewé inú omi kì í ṣe ọ́síjìn lóru, èsì ìdájí máa ń burú ju bó ṣe yẹ lọ. Èsì wá fẹsẹ̀ múlẹ̀: omi tó ń wọlé dára, omi tó ń jáde burú. Ohun tó ń ba ẹnu odò jẹ́ kò sí lórí yanrìn tí à ń gbá.

A gba inú kánààlì lọ sókè nígbà tí omi jáde tán, pẹ̀lú bàtà rọ́bà àti ìgò kékeré náà, à ń bu omi ní abẹ́ afárá kọ̀ọ̀kan. Láti òkè wá, omi náà ò dára, àmọ́ ẹja ṣì lè gbé inú rẹ̀. Láàárín afárá kejì sí ìkẹta ló já wálẹ̀. Odò ẹran wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ màlúù àti ìgbẹ́ inú àpòlúkù ń ti ojú sìmẹ́ńtì ṣàn sínú kánààlì. Ẹ̀jẹ̀ ò ní májèlé nínú, àmọ́ àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ẹ́ nínú omi ń lo ọ́síjìn tán, ẹja ò sì ní rí èyí tí yóò mí.

Níbẹ̀ la tún ti ṣàṣìṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ya fọ́tò ẹ̀jẹ̀ náà, ó gbé e sórí Facebook. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn alápatà ti rí i. Nígbà tí a tún padà lọ, ọ̀bẹ ni wọ́n fi kí wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a ò fi lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ìyá ẹlẹ́ja ló tún un ṣe, ìyá tó bi wá léèrè àmọ́dún. Òun àti ìyàwó olórí alápatà jọ ń dá àjọ. Ó ní kí àwa méjì péré tẹ̀ lé òun, ká fi fóònù sílé, ká má sì mú ìgò àyẹ̀wò dání. A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ fọ́tò. Olórí alápatà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Èmi náà ń jẹ ẹja ibẹ̀. Àwọn tó kọ́ ibí yìí fún wa, gọ́tà ni wọ́n fi hàn wá. Ibo lẹ fẹ́ kí n dà á sí?" A ò ní èsì. Kò sì bínú pé a ò ní in. Mo rò pé àwọn tó ti wá ṣáájú wa máa ń ní èsì.

Ìgbẹ́ ló kọ́kọ́ yanjú. Àwọn Hausa tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ létí kánààlì ti ń wá a tẹ́lẹ̀, owó ọkọ̀ ni wọn ò ní. Àwọn alápatà gbà láti máa kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń wá fi bárò kó o láàárọ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ le. A bá wọn dá owó gbẹ́ kòtò oníyàrá méjì, a fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n. Ọkùnrin kan tó ń ṣe oúnjẹ ẹja ọ̀sìn ń wá bu ẹ̀jẹ̀ náà, ó ń sè é nínú dúrọ́ọ̀mù, ó ń sá a. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ lásán. Tí Iléyá bá ń bọ̀, màlúù pọ̀ ju kòtò lọ, gbogbo rẹ̀ a tún gba gọ́tà. A ti gbà á bẹ́ẹ̀ fún ìsinsìnyí.

A tún ta àwọ̀n kan dábùú kánààlì, kó lè gba pàǹtí dúró kó tó dé ọ̀sà. Mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. A ta á láti etí kan sí èkejì gbọọrọ, òjò àkọ́kọ́ kó ewé omi àti ike sí i láyà, ó gé e. Àwọn apẹja Ègùn ló tún un ta: wọ́n so kẹ́ẹ̀gì òfìfo mọ́ ọn kó lè léfòó, wọ́n sì dá a ní ìdàgẹ̀rẹ́, kí omi lè máa ti pàǹtí lọ sí igun kan níbi tí bèbè ti rọlẹ̀, tí ènìyàn lè dúró kó o. Wọ́n fi ìdì tó ṣeé tú sí igun kejì, kí wọ́n lè ṣí i tí ewé omi bá ya dé. Ohun tí a fi ogún àpò ṣà lórí yanrìn tẹ́lẹ̀, igun yẹn nìkan ń kó tó bẹ́ẹ̀ jọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ti ń pè mí. Ibi tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń gbà ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n, kí n tó béèrè iye ènìyàn. Mo ń bi wọ́n ẹni tó ń sọ aago omi fún wọn. Tó bá jẹ́ pé inú fóònù ni wọ́n ti ń wò ó, mo ní kí wọ́n tún lọ bá apẹja kan jókòó, nítorí aago ẹnu èbúté ni fóònù ń sọ, omi sì ń pẹ́ kó tó dé inú ọ̀sà. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má kọ èsì kankan síta kí oṣù méjì tó pé. Kò dùn mọ́ wọn. Àwọn tó ń fún ni lówó ń fẹ́ fọ́tò, yanrìn mímọ́ sì máa ń dára nínú fọ́tò ju ìgò kékeré lọ.

Ní ẹnu kánààlì wa, omi tó ń jáde ti gòkè láti abẹ́ 2 sí òkè 3 lọ́jọ́ tí kòtò bá ṣiṣẹ́. Kò tíì kan 5. Ilé ìgbẹ́ orí omi ló kù, a ò sì tíì lè fọwọ́ kàn án. Àwọn onílé ò ní ìwé ilẹ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé tí àwọn bá kọ́ ohun tó dára, wọ́n lè wá wó o lọ́la; wọn ò sì ṣìrò, ojú wọn ti rí irú rẹ̀ rí. Baálẹ̀ ní òun ń wá ilẹ̀ kékeré kan lókè fún ti gbogbogbòò.

Ọmọ bàbá aláwọ̀n ló ń kọ pátákó báyìí. Ìlà méjì ló fà sí i: "omi wọlé" àti "omi jáde". Ní Sátidé tó kọjá, òjò ti rọ̀ mọ́jú, igun àwọ̀n kún lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀sán tó pọ́n, oníkẹ̀kẹ́ sì ní ti ẹ̀ẹ̀kejì kò sí nínú ohun tí a jọ sọ. Àpò mẹ́rìnlá ṣì wà nílẹ̀. A gbé wọn kọjá àtíbàbà, dé ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀ níbi tí omi kì í dé, torí pé òṣùpá yóò kún lọ́jọ́ Túsìdeè.